Bàálù Tó Ń Fò Ni Ká Kà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìsundunrin

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí pẹ̀lú wa mọ́, Ọlọ́run kí ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a ṣẹ́kù, kí a má rí àgbákò.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a wá ọ̀rọ̀ kan sọ, àwọn kan ní kí a sọ ìtàn ìlú, àwọn kan ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Orí bàálù àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà ni a fìdí tì sí. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, kí ló kan àgbẹ̀ àti oníṣòwò Ìsundunrin nínú bàálù ológun? Ó kàn wá lọ́nà mẹ́ta. Èkíní, owó gbogbo wa ni ìjọba fi ń rà á. Èkejì, àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, a fẹ́ kó owó jọ lónìí fún ẹ̀rọ omi, ìtàn àwọn bàálù yìí sì ní ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kí a gbọ́ kí a tó na kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn: ẹ má ka iye tí wọ́n rà, iye tó lè fò lónìí ni kí ẹ kà.

Ẹṣin Ọ̀yọ́

Kí a tó gòkè, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀. Ẹṣin ni bàálù ológun ayé àtijọ́. Òun ló ń gbé ọmọ ogun Ọ̀yọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè dé, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì ń rí ọ̀tá láti òkè. Ṣùgbọ́n òkè odò Ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin náà. Bí wọ́n bá sì kó o dé ilẹ̀ wa, eṣinṣin inú igbó tó ń kó àìsàn bá ẹran kì í jẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó bá ra ẹṣin lónìí, tí kò ní ẹni tí yóò máa gé koríko fún un, tí yóò máa fọ̀ ọ́, tí yóò máa wo pátákò rẹ̀, owó rẹ̀ ti gbé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú yìí dáadáa ní Ọ̀yọ́, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú láti ilẹ̀ Haúsá. Ní nǹkan bí ọdún 1817, nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú wọ̀nyí sá lọ bá a. Ẹ rò ó wò: agbára ìjọba ńlá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bu koríko, wọn kò sì mọ̀ títí ó fi lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni òfin dá Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà sílẹ̀. A ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n a kò ní awakọ̀ bàálù ológun tó pọ̀, a kò sì ní ẹni tó mọ àtúnṣe rẹ̀. Jámánì ni ìjọba ké sí. Ọ̀gágun Jámánì kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, ló kọ́kọ́ ṣe olórí. Àwọn bàálù tó wà nígbà náà kì í ṣe ti ìjà: Dornier Do 27 àti Do 28 tí ń kó èrò díẹ̀, Piaggio fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́, àti Noratlas tí ń kó ẹrù. Kọ́nẹ́ẹ̀lì George Kurubo, tó wá láti inú ọmọ ogun orí ilẹ̀, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí níbẹ̀.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, iléeṣẹ́ náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó kò fẹ́ ta bàálù ìjà fún wa. Ilẹ̀ Soviet ló tà á: MiG-17, L-29 tí wọ́n ṣe ní Czechoslovakia, àti Il-28 tí ń ju bọ́ǹbù. Bàálù dé, awakọ̀ kò tó. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn àjèjì mìíràn tí wọ́n fi owó gbà ló wa púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹṣin Ọ̀yọ́ ló tún padà wá yẹn: ẹṣin láti òkèèrè, olùtọ́jú láti òkèèrè.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ogun náà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ará Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, kó bàálù kéékèèké márùn-ún wá fún Biafra. MFI-9B ni wọ́n ń jẹ́. Bàálù ìgbafẹ́ lásán ni, wọ́n kàn so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ìyẹ́ apá wọn. Wọ́n fò sílẹ̀ lórí igbó, wọ́n sì kọlu pápá bàálù Port Harcourt, Benin àti Enugu. Bàálù ńláńlá tó jókòó sílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bàálù tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó, òun àti àgùntàn tí a so mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀.

Ìgbà tí owó epo pọ̀

Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ìjọba náà sì ń rà. Láti 1975, C-130 Hercules mẹ́fà dé láti Amẹ́ríkà, mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Bàálù ẹlẹ́ńjìnì mẹ́rin ni, tó lè kó ọmọ ogun, mọ́tò àti oúnjẹ, tó sì lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà. MiG-21 dé láti ilẹ̀ Soviet. Alpha Jet, tí Faransé àti Jámánì jọ ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí dé ní 1981. Ní 1984, a ra Jaguar 18, tí Bìrìtìkó àti Faransé jọ ṣe. Ítálì ta G222 fún wa. Czechoslovakia ta L-39 fún wa, 24 ni.

Ẹni tó bá ka bàálù ní àsìkò yẹn yóò sọ pé kò sí iléeṣẹ́ ológun òfuurufú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lè dúró níwájú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á bí mẹkáníìkì ṣe ń kà á. Bí baálé kan bá ní Peugeot, Bedford, Toyota, Volkswagen àti Lada nínú àgbàlá kan, kì í ṣe ọkọ̀ márùn-ún nìkan ló ní. Ó ní irinṣẹ́ oríṣi márùn-ún láti rà, mẹkáníìkì márùn-ún láti wá, àti ọjà pààtì márùn-ún láti máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà rí. Ìdè tó bá ti ara bàálù kan mu kò ní bá ti èkejì mu.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 1986, tí náírà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí já, pààtì tí à ń fi dọ́là àti pọ́n-ùn rà di ohun tí ọwọ́ kò tó. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìbò 12 Okudu 1993, àti lẹ́yìn tí wọ́n pa Ken Saro-Wiwa ní 1995, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dín ohun ìjà tí wọ́n ń tà fún wa kù. Ẹni tó ń ta pààtì fún ọ lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Jaguar 18 tí a rà ní 1984, nígbà tí yóò fi di 1991, wọ́n ti gbé gbogbo wọn sílẹ̀ nítorí owó ìtọ́jú. Ọdún méje péré! Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa gùn lọ sí oko pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Èjìgbò ti Èkó

Orúkọ Èjìgbò wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Èjìgbò tiwa kọ́, Èjìgbò ti Èkó ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, C-130 kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ NAF 911 gbéra ní pápá bàálù Murtala Muhammed. Àwọn ọ̀gágun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní Jaji. Kò tíì pẹ́ rárá tó gbéra tí ẹ̀ńjìnì rẹ̀ fi kú, tó sì já sínú irà ní Èjìgbò. Àwọn tó lé ní 150 ni wọ́n wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Nàìjíríà pàdánù àwọn tí ì bá jẹ́ olórí ogun rẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ilé mìíràn wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọn kò tíì gbàgbé ọjọ́ náà títí di òní.

Ìyẹn kọ́ ni ìkẹyìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, Dornier kan já ní ìpínlẹ̀ Benue, ọ̀pọ̀ ọ̀gágun àgbà sì kú nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, King Air 350 já ní Kàdúná, ó sì pa olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru, pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ohun tó ń fa ìjàǹbá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú ọjọ́ lè burú, awakọ̀ lè ṣì í ṣe. A kò wí pé àìtọ́jú ló fà gbogbo wọn. Ohun tí a ń wí ni pé nínú òfuurufú, ìyà ohun kékeré kì í ṣe kékeré. Bí ẹ̀ńjìnì mọ́tò bá kú láàárín wa àti Ogbómọ̀ṣọ́, a óò yà sẹ́bàá ọ̀nà, a óò sì pe mẹkáníìkì. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Kí ni ìtọ́jú bàálù?

Àwọn tó ń tọ́jú bàálù kì í dúró kí nǹkan bàjẹ́. Wákàtí tí bàálù bá fò ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Bí wákàtí náà bá pé iye kan, wọ́n óò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá tún pé iye tó ju ìyẹn lọ, wọ́n óò tú u jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pààtì mìíràn wà tó jẹ́ pé bí àkókò rẹ̀ bá ti pé, wọ́n óò yọ ọ́ dànù bó tilẹ̀ ń dán. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Níbi tí owó kò bá sí, ọ̀nà kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà. Wọ́n óò tú pààtì lára bàálù kan, wọ́n óò fi sí ara èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò mọ ohun tí à ń sọ. Èkejì yóò fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èkíní ti di egungun. Bàálù mẹ́wàá lè wà nínú ìwé, kí mẹ́rin máa fò, kí mẹ́fà máa fún mẹ́rin ní ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má ka iye tí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn yín tó mú ọkàn wa yọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet kan ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Ọmọ wa kan, Abayọ̀mí Dáírò, ló ń wa bàálù náà. Ó fa àga tó ń ju awakọ̀ síta, àga náà jù ú síta, agbòòrùn ìbalẹ̀ rẹ̀ ṣí, ó sì balẹ̀ láàyè. Ó fara pamọ́ títí oòrùn fi wọ̀, ó fi fóònù rẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn láàárín ibùba àwọn agbébọn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wa.

Gbogbo ayé yin Dáírò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àga náà. Ohun èlò tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í lò rárá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ni. Bí wọ́n bá sì lò ó, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ẹnì kan wà nínú ilé tí wọ́n ń gbé bàálù sí, tí ó ń yẹ àga náà wò nígbà gbogbo, tó ń pààrọ̀ ètù inú rẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò lò ó. Ìwé ìròyìn kò gbé orúkọ ẹni náà jáde. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé ọmọ ọlọ́mọ padà sílé.

Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí

Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti le ní ìlà oòrùn àríwá, tí àwọn agbébọn sì ń yọ ìlú lẹ́nu ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, ìjọba ti tún bẹ̀rẹ̀ sí rà. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí.

Fún ìjà tó yára: F-7Ni láti Ṣáínà, tí a bèèrè fún ní 2005, 15 ni wọ́n, àti JF-17 Thunder mẹ́ta láti Pakistan, tí wọ́n fi ṣe ìfilọ́lẹ̀ ní Makurdi ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Fún lílépa ọ̀tá nínú igbó: Alpha Jet àtijọ́, L-39, àti Super Tucano 12. Hẹlikọ́pítà ìjà ni Mi-35M láti Rọ́ṣíà àti T-129 láti Turkey. Fún ẹrù àti èrò: C-130. Fún wíwo ilẹ̀ láti òkè: King Air, ATR 42, àti àwọn dúróònù láti Ṣáínà, tí awakọ̀ wọn jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́: Super Mushshak láti Pakistan. Ìjọba sì ti bèèrè fún M-346 24 láti Ítálì.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Super Tucano. Kì í ṣe bàálù tó yára. Abẹ̀bẹ̀ ló wà ní imú rẹ̀, kò ní iná lẹ́yìn bíi jẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ lókè, kó máa yípo lórí igbó kan bí àṣá, kí awakọ̀ ráyè wò dáadáa. Mẹ́fà àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Kánò ní oṣù Keje ọdún 2021, àwọn tó kù sì dé kí ọdún náà tó parí. Owó tí ìjọba yọ fún un lé ní 490 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn ènìyàn bínú nígbà náà, wọ́n ní owó náà pọ̀ jù fún bàálù 12. Òótọ́ ni pé owó ńlá ni, ó sì tọ́ kí ará ìlú máa bèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú owó náà kì í ṣe bàálù nìkan. Pààtì wà nínú rẹ̀, ohun ìjà wà nínú rẹ̀, kíkọ́ ilé àti títún ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ṣe ní Kainji wà nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń tún bàálù ṣe, 64 lápapọ̀, lọ kọ́ṣẹ́ ní Moody ní Georgia, Amẹ́ríkà. Lójú tiwa, èyí ni ìgbà tí ìjọba ra ẹṣin pẹ̀lú koríko rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gé e.

Àwọn ọmọ wa náà ti gbìyànjú. Ní Kàdúná, iléeṣẹ́ kan to bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Air Beetle, tó kọ́kọ́ fò ní 1988. Inú àwòrán bàálù Amẹ́ríkà kan, RV-6A, ni wọ́n ti yọ ọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ogun àríwá le, a ra Alpha Jet mélòó kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti yọ ohun ìjà kúrò lára wọn. Àwọn ẹnjiníà wa ló tún fi ohun ìjà sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n fi dúróònù Tsaigumi tí wọ́n ṣe nílé hàn fún Ààrẹ Buhari.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ 7, àwọn ológun kan fẹ́ gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn ìbátan wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, bàálù ológun Nàìjíríà sì fò lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 8, C-130 wa kan tó ń lọ sí Portugal fún àtúnṣe ní ìṣòro lọ́nà, ó sì balẹ̀ ní Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso. Wọ́n dá àwọn ọmọ ogun 11 tó wà nínú rẹ̀ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, a lágbára débi pé a gba aládùúgbò sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń lọ tún ara rẹ̀ ṣe ní òkèèrè kó sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà. Ẹ wo àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Ojú tó ń wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi pamọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 2017, bàálù ológun wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross wà lára wọn. Iléeṣẹ́ ológun gbà pé àṣìṣe ni. Àwọn tó kú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí a ti ń wí pé kí bàálù máa fò, ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ojú tó ń wò ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, etí tó ń gba ìròyìn gbọ́dọ̀ ṣí. Ìtọ́jú kò parí sí ara irin.

Àwọn ọmọ wa nínú iṣẹ́ náà

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí. Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìffẹ̀ ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ìjà ní Nàìjíríà. Ọdún 2019 ló gba àmì iṣẹ́ náà. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 2020 nínú bárékè ní Kàdúná nígbà tí mọ́tò tó ń fà sẹ́yìn gbá a, ọmọ ọdún 24 ni. Ọ̀fọ̀ ńlá ni. Ní ọdún 2019 kan náà, Káfáyátù Sànní di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ìjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìsundunrin pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ti obìnrin.

Kì í sì í ṣe awakọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń gba ẹni tó mọ iná mànàmáná, ẹni tó mọ jíjó irin pọ̀, mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì àti oníkọ̀ǹpútà. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, ilé ẹ̀kọ́ iléeṣẹ́ náà wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààbò àti yíyẹra fún ìjàǹbá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọn kì í ta fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó bá ọmọ yín wọlé, olè ni.

Ẹ̀rọ omi wa

Ó kù díẹ̀ kí a jókòó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo wa mọ̀ pé ìkówójọ ọ̀sán yìí wà fún ẹ̀rọ omi. Èrò méjì ló wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí a gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí àdúgbò kankan má bàa wo ti èkejì. A gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn kò yẹ kó máa dúró.

Àwa ìgbìmọ̀ dábàá ọ̀nà mìíràn. Kí a gbẹ́ ọ̀kan báyìí. Nínú gbogbo náírà mẹ́wàá tó bá wọlé lónìí, kí a fi méjì sí àpò ọ̀tọ̀ ní báńkì, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fọwọ́ kàn àfi fún ìtọ́jú. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹgbẹ́ san owó kí wọ́n lọ kọ́ títún pọ́ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kí a ra ẹ̀rọ tí pààtì rẹ̀ wà ní ọjà Èjìgbò tàbí Òṣogbo, kódà bí ti òkèèrè bá dán jù ú lọ. Nígbà tí a bá sì gbẹ́ èkejì, kó jẹ́ irú ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú èkíní, kí irinṣẹ́ kan lè tún méjèèjì ṣe. Kí a ní ìwé kan tí a óò máa kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí.

A mọ ohun tí àbá yìí yóò ná wa. Àdúgbò kan yóò ní láti dúró fún ìgbà díẹ̀, a kò sì lè sọ pé ìyẹn dùn. A bẹ àwọn tí yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ méjì bá wà, tí wọ́n sì kú ní ọdún kẹta, àdúgbò méjèèjì ni yóò padà sódò. Ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ni yóò pinnu rẹ̀, ohun tí ìpàdé bá sì sọ, a óò tẹ̀ lé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ọdún mẹ́wàá mìíràn pé kí ni ẹgbẹ́ yìí ṣe fún ìlú, kí a má nàka sí irin tó dípata. Kí a ṣí ẹ̀rọ, kí omi dáhùn.

Ọlọ́run kí ó dá ẹgbẹ́ wa sí, kí ó dá ìlú Ìsundunrin sí. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè àti àwọn tó wà nílẹ̀, kí wọ́n máa lọ re, kí wọ́n máa bọ̀ re.